Alhájà Dárin Nínú Fóònù Mi

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí létí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Èmi náà, bí ẹlòmíì bá sọ ọ́ fún mi, màá kàn máa mi orí ni, màá sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lọ́jọ́ náà, ara mi sì le. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Gbogbo àwa tó ṣojú wa la ṣì wà láyé, a ṣì ń gbé ní Ìgàńdò níbí, àfi ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn gan-an. Àwọn ti kú kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, lójú ọ̀nà tó lọ sí Egan. Lásìkò tí mò ń wí yìí, fóònù aláfọwọ́tẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù ni. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, èyí tó jẹ́ pé tó bá já bọ́, wàá kàn gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, wàá tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn orin jù. Tí orin ò bá dún, ẹsẹ̀ mi àti máṣíìnì kì í gbọ́ra wọn yé. Torí orin ni mo ṣe lọ ra fóònù ńlá lọ́jà Ìkòtún. Mi ò bi ẹni tó tà á fún mi léèrè kámẹ́rà, mi ò bi í bóyá ó lè wo fíìmù. Mo ní kó fi orin sí i, kó gbé e jìnnà sí mi díẹ̀, mo wá di ojú mi. Ọkùnrin náà rò pé mò ń gbàdúrà ni.

Ẹ gbà mí gbọ́, fóònù yẹn dáa. Béèsì rẹ̀ ń dún kì, kì, kì, bí ẹni tó ń gún iyán lójúlé kejì, síbẹ̀ kò bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ohùn ènìyàn á dúró gedegbe láàárín. Ó tún ní ibì kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti máa ń tún ohùn orin ṣe: àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan wà lójú rẹ̀ níbẹ̀ tí wàá fi ìka fà sókè tàbí sísàlẹ̀, èyí fún béèsì, èyí fún ohùn tó ń ta sókè. Tí orin bá ti ń lọ, iná kéékèèké á máa fò lójú ibẹ̀ bí ọmọ tó ń jó.

Mo yangàn pẹ̀lú fóònù yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìyangàn yẹn ló sì fà mí débẹ̀.

A ní Àsàlátù kan ládùúgbò wa, àárọ̀ Sọ́ńdè la máa ń ṣe é. Ẹni tó ń dárin fún wa níbẹ̀ ni Alhájà Sìdíkátù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, bókẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike ni wọ́n ń tà. Ohùn wọn kì í ṣe ohùn dídùn bí oyin o. Ohùn wọn ki, ó sì le díẹ̀, bíi gààrí tí wọ́n yan dáadáa, tó ń ta léyín. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ohùn ẹlòmíì á máa dà bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Tí àwa elégbè bá ń fà, Alhájà á dá orin dúró láàárín, wọ́n á wò wá lọ wò wá bọ̀, wọ́n á bi wá bóyá ààwẹ̀ la gbà. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín tó tán, wọ́n á ti tún gbé orin náà lọ.

Kí ààwẹ̀ ọdún náà tó wọlé ni Alhájà kú. Àìsàn náà ò pẹ́ lára wọn. A sin wọ́n, a ṣàdúrà, a padà sí Àsàlátù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti tutù. Tí ẹnì kan bá gbìyànjú láti dárin, kò ní dé ìdajì tí yóò fi máa wo ilẹ̀.

Ẹni tó yẹ kó gbà á ni Mutiá, ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ mi ni. Ohùn ìyá rẹ̀ ló wà lọ́fun rẹ̀ gẹ́lẹ́, kíki àti líle rẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Mutiá ò kọrin mọ́. Kì í gberin pàápàá. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún mi ni pé tí òun bá ya ẹnu, ohùn ìyá òun lòun máa gbọ́, òun ò sì tíì lè gbọ́ ọ.

Ìgbà yẹn ni wàlímọ̀ àwọn ọmọ ilé kéwú wá sún mọ́. Àṣàbí, ọmọ Mutiá, wà lára àwọn tó fẹ́ parí Kùránì lọ́dún náà. Èmi ni mò ń rán híjáàbù wọn. Aṣọ ti ń tán, ẹni tó máa gbọ́únjẹ ti wà, orin nìkan ni kò sí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, wàlímọ̀ tí kò lórin, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín òun àti àdúrà ọjọ́ kẹjọ òkú?

Súlè káfíńtà ló mú ìmọ̀ràn wá. Òun ló ni lọ́úd-sípíkà tí a máa ń lò. Ó ní òun ṣì ní orin tí Alhájà kọ níbi wàlímọ̀ kan sẹ́yìn, fóònù lòun fi gbà á sílẹ̀, ó wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì òun. Ó ní ká kúkú so fóònù mọ́ lọ́úd-sípíkà lọ́jọ́ náà, kí Alhájà fúnra wọn dárin, kí àwa máa gbè é. Ìyá Sùkúrá, tí wọ́n dàgbà jù nínú àwa elégbè, ní ọ̀rọ̀ náà dáa. A lọ sọ fún Mutiá. Ó ní ká ṣe é, ká ṣáà má ní kí òun jókòó gbọ́ ọ.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù ta la máa lò.

Súlè ní tòun ló ń pariwo jù. Ìyá Sùkúrá ní tàwọn ni, torí ọmọ wọn tó wà ní Abúlé Ẹ̀gbá ló rà á fún wọn, ọmọ náà ò sì lè ra ohun tí kò dáa fún ìyá rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ jiyàn púpọ̀, mo kàn ní ká kó gbogbo wọn jọ, ká fi orin kan náà dán wọn wò, kí etí ṣe ìdájọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì. Ilé kéwú tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí la ti pàdé. Ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ni, búlọ́ọ̀kù ara rẹ̀ ń wò wá. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Iná ò sí. Ẹ̀rọ ata kan ń ké lójúlé kejì. Mutiá wà níta lẹ́bàá kànga, ó ń fọ wàláà, pátákó ìkéwú àwọn ọmọ. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò lọ sílé.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tábìlì Ááfà wà láàárín wa. Súlè kọ́kọ́ fi tiẹ̀ sí i.

Fóònù Súlè tóbi bí ọṣẹ ìfọṣọ, ihò sípíkà yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Bó ṣe tàn án báyìí, ẹyẹlé tó wà lórí páànù fò lọ. Ó pariwo, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ níbi tí Alhájà bá ti gbé ohùn sókè, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ìyá Sùkúrá ní Alhájà wà nínú bókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ni, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá. Súlè bínú díẹ̀. Ó ní gbangba la ti fẹ́ ṣe wàlímọ̀, ariwo lèrò ń fẹ́. Mo sọ fún un pé tí a bá so ó mọ́ lọ́úd-sípíkà, ohùn tó bá ti fọ́ látinú fóònù, fífọ́ rẹ̀ náà ló máa pọ̀ sí i.

A yọ káàdì, a fi sínú fóònù Ìyá Sùkúrá. Ìyẹn mọ́, kò fọ́ rárá. Ṣùgbọ́n kò ní béèsì, ohùn náà tín-ín-rín. Ó dà bíi pé Alhájà rán ọmọ-ọmọ wọn wá kọrin. Ìyá Sùkúrá fúnra wọn gbọ́ ọ, wọ́n ní ó dà bíi pé fóònù náà ò tíì jẹun.

Kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí orin inú káàdì yẹn ṣe rí, kó lè yé yín. Gbangba ni Súlè ti gbà á sílẹ̀. Alhájà á dárin, àwa elégbè á gbè é kíá, ariwo èrò sì wà lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ewúrẹ́ kan tiẹ̀ ké láàárín. Nínú fóònù méjèèjì tí a ti gbọ́, ewúrẹ́ yẹn ké.

Ó wá kàn mí.

Ìyá Sùkúrá ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣí ẹ̀yìn fóònù wọn láti yọ káàdì, èékánná wọn ò ràn án. Èmi ti mú tèmi dání, mo ti ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún ohùn ṣe, mò ń fa àwọn igi náà sókè díẹ̀díẹ̀, torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé fóònù ju fóònù lọ. Orin kankan ò sí lórí rẹ̀ tó ń lọ. Káàdì ò tíì dé ọwọ́ mi.

Ẹ̀rọ ata lójúlé kejì dákẹ́.

Alhájà wúkọ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ kí wọ́n tó dárin.

Inú fóònù tó wà lọ́wọ́ mi ló ti wá.

Orin náà wá bẹ̀rẹ̀:

*Ọmọ wa kéwú, ó mà ti yege o,*
*Iṣẹ́ tí a rán ọmọ, ó ti jẹ́ ẹ délé.*

Ohùn náà mọ́ gaara. Ẹ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo gbọ́ èémí wọn kí wọ́n tó gbé ohùn. Mo gbọ́ bí ahọ́n wọn ṣe kan eyín. Kò sí ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ewúrẹ́.

Súlè di ojú, ó ń mi orí. "Gbọ́ béèsì," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "Télọ̀, o ti borí wa."

Èmi nìkan ló mọ̀, nígbà yẹn, pé kò sí nǹkan kan nínú fóònù mi tó yẹ kó máa kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Mo wo Ìyá Sùkúrá. Èékánná wọn ṣì wà lẹ́yìn fóònù wọn, ó ti ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì yọ káàdì. Wọ́n wò mí, wọ́n wo fóònù mi, wọ́n wá rọra tẹ̀ síwájú.

"Káàdì náà dà?"

Mo nàka sí ọwọ́ wọn. Inú fóònù wọn ló wà. Wọ́n gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó pé ẹ̀yin ì bá ti sá, ẹ sinmi. Mo fẹ́ ju fóònù náà sílẹ̀, ìka mi ò ṣí.

Alhájà kọ ọ́ dé ibi tí a ti máa ń gbè é. Nínú orin Súlè, kíá ni ègbè máa ń bọ́ sí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbè é. Alhájà dákẹ́.

Wọ́n dúró.

Mo ní wọ́n dúró. Orin náà ò tán, kò sì yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń mí. Àwọn iná kéékèèké ojú fóònù mi ń fò díẹ̀díẹ̀ bí èémí náà ṣe ń wọlé, tó ń jáde. Súlè la ojú. Ó rí káàdì rẹ̀ nínú fóònù tó wà lórí tábìlì, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé òun náà.

"Ẹ gbè é," ni Alhájà wí.

A ò lè ya ẹnu.

Wọ́n tún dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín tí wọ́n ń gbìyànjú láti pa mọ́ra:

"Àbí ààwẹ̀ lẹ gbà?"

Wàláhì, ẹ̀rín já lu Ìyá Sùkúrá. Wọn ò fẹ́ rín in. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n, ó sì jáde. Bí ẹ̀rín náà ṣe jáde báyìí, ègbè tẹ̀ lé e, bí omi ṣe máa ń tẹ̀ lé ìdérí tí wọ́n bá ṣí i. *Ẹ bá wa yọ̀, ó ti jẹ́ ẹ délé.* Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo ya ẹnu. Súlè, tí kì í gberin torí ó ní iṣẹ́ obìnrin ni, ó gbè é.

Alhájà sì gbé e lọ.

Ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò sọ pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí òjò bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, tí ẹ sá títí tí aṣọ yín ti tutù tán, tí ẹ wá rí i pé kò sí ohun tí ẹ tún ń sá fún mọ́? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀, orin náà sì dùn jù ú lọ. Súlè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu bẹ́ǹṣì. Ìyá Sùkúrá, tí eékún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dìde láìdi ògiri mú, ti dìde. Wọ́n ń jó.

Alhájà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á pe ọmọ tó bá ń ṣe wàlímọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ẹ̀fẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí mo gbọ́ kì í ṣe tàwọn ọmọ inú orin ọjọ́sí. Àwọn ọmọ ọdún yẹn ni. Ràfíù, tó fẹ́ràn oorun. Àmínà, tó ń ka Kùránì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Híjáàbù wọn ṣì wà lórí máṣíìnì mi nílé. Kí Ááfà tó yan àwọn ọmọ yẹn, Alhájà ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Wọ́n fi Àṣàbí ṣe ìkẹyìn. Ẹ̀fẹ̀ kankan ò sí nínú tirẹ̀. Oríkì nìkan ni wọ́n kì í.

Òjìji bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mutiá ni. Omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, wàláà kan ṣì wà ní ọwọ́ òsì. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ó wo fóònù mi, kò wo ẹnì kan nínú wa.

Alhájà dá orin dúró.

"Mutiá," wọ́n pè é. Wọn ò fi orin pè é. Wọ́n pè é bíi pé àwọn méjèèjì jọ jókòó nílé ìdáná tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. "Gbà á. Ó ti rẹ̀ mí."

Mutiá ya ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ó pa á dé. Mo gbàgbé ẹ̀rù tèmi pátápátá, torí mo mọ̀ pé tí kò bá gbà á lọ́jọ́ náà, kò ní gbà á mọ́ láyé.

Ó gbà á.

Ó kọ́kọ́ tín-ín-rín, ó gbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. A gbè é fún un, a gbè é kíkankíkan, bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó máa dá a lẹ́ẹ̀kejì, ohùn náà ti ki. Nígbà tó máa dá a lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ti ń yọjú lójú fèrèsé. Omijé ń dà lójú Mutiá, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi wàláà tutù yẹn jó lókè orí.

Alhájà kò lọ o. Alhájà bọ́ sáàárín àwa elégbè. Mo gbọ́ wọn lápá ọ̀tún mi, wọ́n ń gbè é fún ọmọ wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rín sí i níbi tí kò yẹ. Mi ò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ fún yín mọ́ pé inú fóònù ni ohùn náà ti ń wá. Mi ò yíjú wò. Ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Nígbà tí orin parí, àwa nìkan la kù. Òógùn bò wá. Ẹ̀rọ ata lójúlé kejì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Súlè ló kọ́kọ́ gbé fóònù mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Kò sí orin Alhájà kankan nínú rẹ̀, kò sì sí níbẹ̀ rí. Ó yọ káàdì rẹ̀ kúrò nínú fóònù Ìyá Sùkúrá, ó fi sínú tirẹ̀, ó tàn án. Orin àtijọ́ náà ni, pẹ̀lú ariwo èrò rẹ̀. Ewúrẹ́ ké. Èmi ní tèmi, mo wo àwọn igi tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe lójú fóònù mi. Wọn ò sí níbi tí mo fi wọ́n sí. Ẹnì kan ti fa béèsì sókè, ó sì ti rẹ àwọn tó kù sílẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń bá ohùn tó bá ki mu. Mo gbà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Ááfà dé fún ìrun Mọ̀gàríbì, wọ́n bá wa níbẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín, a ń gbọ̀n. A sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi wá bóyá ohùn náà sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. A ní rárá. Wọ́n bi wá bóyá ó ní ká ṣe nǹkan kan fún òun.

"Ó ní ká gberin," Ìyá Sùkúrá dáhùn.

Ááfà wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn. Mo rí i pé wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn le padà. Wọ́n ní àlùjànnú lè yá ohùn òkú lò, pé Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ dájú, àwọn ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní ká ṣàdúrà fún Alhájà, ká má sì fi fóònù kankan wá wọn mọ́.

Wàlímọ̀ náà dùn débi tí àwọn ará Àkẹsán ṣì ń sọ ọ́. A ò so fóònù kankan mọ́ lọ́úd-sípíkà. Mutiá ló dárin. Ó pe orúkọ gbogbo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi Ràfíù ṣẹ̀fẹ̀, àwọn èrò rẹ́rìn-ín, Àṣàbí rìn jáde nínú híjáàbù tí mo rán fún un bí ìyàwó. Mo jó títí bàtà mi fi já.

Nígbà tí a ń pín oúnjẹ, ìyá àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí fà mí lọ́wọ́. Wọ́n béèrè ẹni tí ohùn rẹ̀ ki yẹn nínú àwa elégbè, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láàárín orin. Mo ní Mutiá ni. Wọ́n ní rárá, pé Mutiá ló ń dá a, àwọn gbọ́ ìyẹn. Ẹni tó ń gbè é fún un làwọn ń béèrè. Mo ní ibo ni wọ́n ti rí ẹni náà. Wọ́n ní àwọn ò rí i, àwọn kàn gbọ́ ọ ni. Mo fi móínmóín lé wọn lọ́wọ́, mo kúrò níbẹ̀.

Mo ti ra fóònù mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dáa ju ti àtijọ́ lọ, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi. Mo máa ń ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá fi orin sí i, màá máa ránṣọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, orin lásán ni. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí orin á dé ibi ègbè, tí á sì dúró. Kò kú, kò sì lọ. Ojú rẹ̀ á ṣì máa tàn. Súlè ní bátìrì ló ti gbó, mi ò bá a jiyàn. Mo kàn máa ń gbè é ni, orin á sì máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín rèé. Ẹ máa wá fóònù tó dáa, ẹ dán béèsì rẹ̀ wò, ẹ di ojú yín kí ẹ gbọ́ ọ, kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohùn ẹni tó ti lọ lẹ fẹ́ fi dán an wò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ ṣì rántí ègbè. Torí tí wọ́n bá dákẹ́, tí wọ́n dúró dè yín, tí ẹ ò sì mọ ohun tí ẹ máa fi dá wọn lóhùn, èmi ò mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Alhájà tiwa, ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n. Mi ò mọ irú ènìyàn tí tiyín jẹ́.